Sẹ̀gilọlá, Obìnrin Èkó Tí Wọn Ò Bí Rí

Púpọ̀ nínú yín tó ń kọ ìtàn àròsọ máa ń bi mí pé kí lèèyàn ń ṣe tí ẹ̀dá inú ìtàn fi ń jọ èèyàn gidi. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Èkó, lọ́dún 1929.

Lóṣù keje ọdún náà, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní òun ti dàgbà, àìsàn ti gbé òun dè, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ bí òun ṣe fi ẹwà òun yí àwọn ọkùnrin Èkó po. Àwọn òǹkàwé bá a kẹ́dùn, wọ́n kọ̀wé sí i, àwọn mìíràn fi owó ránṣẹ́.

Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Olóòtú ìwé ìròyìn ọ̀hún, Isaac Babalọlá Thomas, ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ó parí rẹ̀ lóṣù kẹta 1930, ó sì di ìwé lọ́dún kan náà. (Ògbójú Ọdẹ tí wọ́n máa ń sọ fún wa pé òun ló kọ́kọ́ jáde, 1938 ni.)

Báwo ló ṣe ṣe é? Sẹ̀gilọlá ń dárúkọ àdúgbò tí aráàlú mọ̀, ó ń kọ orin tí wọ́n ń kọ lásìkò náà. Tó bá sì kan ọkùnrin tó bá a lò pọ̀, á ní òun ò ní dárúkọ rẹ̀. Ta ló ń bo ẹni tí kò sí láṣìírí? Ìyẹn nìkan á mú kí aráàlú máa fura sí ara wọn!

Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi lójú jù, nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti rí i lẹ́bàá ibùsùn: àgbàlagbà á máa kérora, bó bá kan òde tó ti jó rí, ojú rẹ̀ á kàn tàn. Bí Sẹ̀gilọlá ṣe rí nìyẹn. Ó ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ ò sì tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ò dùn mọ́ mi o. Ẹni tó fowó ránṣẹ́ sí aláìsàn tí kò sí, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, bó ti wù kí ìtàn náà dùn tó.

Lọ́dún 2012, Karin Barber gbé e jáde, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé kan náà. Ẹ ka ti Yorùbá sókè, kódà bó bá ń le lẹ́nu. Ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀.