Ilé Ẹni, Ilẹ̀ Onílẹ̀: Bí Ọgọ́rin Ọdún Ṣe Dé Ẹnu Ọ̀nà Àwọn Fúláàtì Káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1980, ìjọba Margaret Thatcher ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé ẹni tó bá ti gbé ilé káńsù fún ọdún mẹ́ta lè rà á ní ẹ̀dínwó. Nígbà tó yá, àwọn Yorùbá tó fi Peckham àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibùgbé bá wọn jẹ nínú àǹfààní yìí. Owó iṣẹ́ òru, owó èsúsú àti ẹ̀yáwó báǹkì ni ọ̀pọ̀ kó jọ, tí wọ́n fi di onílé ní ìlú òyìnbó.

Onílé ni wọ́n dà o. Káńsù ṣì ni onílẹ̀. Líìsì ni wọ́n rà, èyí ni ẹ̀tọ́ láti gbé inú fúláàtì náà fún iye ọdún tí a kọ sínú ìwé. Ti káńsù sábà máa ń jẹ́ ọdún 125, owó ilẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ lọ́dún. Ta ni yóò máa da ara rẹ̀ láàmú nípa ọdún 125? Àmọ́ líìsì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981 yóò tán ní 2106. Ní 2026, ọdún 80 péré ló kù. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé òfin gba káńsù láyè láti jẹ́ kí gbogbo líìsì inú ilé alájà kan parí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní 1999 lè rò pé ọdún 125 lòun ní, kó wá jẹ́ pé láti ìgbà tí aládùúgbò rẹ̀ ti rà á ní 1981 ni wọ́n ti ń ka ọdún fún un.

Kí ló dé tí 80 fi di ààlà? Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jìnnà sí Peckham, ní àwọn àfonífojì èédú ní gúúsù Wales. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ níbẹ̀ kò tà á. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọdún 99, àwọn awakùsà àti ẹgbẹ́ alájọkọ́lé sì fi owó ara wọn kọ́ ilé sórí rẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọdún 99 ń pé. Ilẹ̀ padà sọ́wọ́ onílẹ̀, ilé sì bá ilẹ̀ lọ. Òfin ọdún 1954 jẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ máa gbé ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ayálégbé nínú ilé tí bàbá wọn kọ́.

Ìjọba Harold Wilson ló tú okùn náà. Ìwé ìlànà tó gbé jáde ní 1966 sọ pé ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀, ilé sì jẹ́ ti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó gba ilẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀ láti fi hàn pé òun mọ ẹni tó ni ín. Bí kò bá ti sẹ́ onílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ a jogún ibẹ̀ láìsí ẹni tó ń ka ọdún lé wọn lórí. Òfin 1967 fún ẹni tó ní líìsì ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí ilé ní ẹ̀tọ́ láti ra ilẹ̀ náà, tàbí kí ó fi ọdún 50 kún ọdún tirẹ̀. Fúláàtì kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn alákòóso ilẹ̀ Duke ti Westminster, tó ni púpọ̀ nínú Belgravia, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n pàdánù ní 1986. Nígbà tí òfin mìíràn mú ẹ̀tọ́ náà dé fúláàtì ní 1993, Duke náà fi ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative sílẹ̀.

Òfin 1993 yìí ni wọ́n ń lò ní Peckham. Ó fi ọdún 90 kún èyí tó kù, owó ilẹ̀ sì di ẹyọ ata kan lọ́dún, ata tí onílẹ̀ kankan kì í wá gbà. (Iṣu ìṣákọ́lẹ̀, ó kéré tán, ṣeé gún níyán.) Ṣùgbọ́n àfikún ọdún kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí líìsì bá gùn sí i, iye tí fúláàtì ń tà a máa ga. Èrè yìí ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní iye ìgbéyàwó, onílé àti onílẹ̀ sì ń pín in sí méjì. Òfin 2002 ló fi ààlà sí i: bí ọdún tó kù bá ju 80 lọ, a kì í san án. Rírékọjá ààlà yìí lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn kún owó náà, ó sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún.

Òfin ọdún 2024 fẹ́ pa iye ìgbéyàwó rẹ́, kí àfikún sì di ọdún 990. Àwọn onílẹ̀ ńlá tún sáré lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ gíga sì da ẹjọ́ wọn nù ní Oṣù Ọ̀wàwà 2025. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún náà fi parí, apá òfin yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti le. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ ta fúláàtì rẹ̀ kó lè padà sí Ìjẹ̀bú tàbí Ìbàdàn, kò lè jókòó ti òfin tí kò ní ọjọ́. Ohun kan wà tó yẹ kó mọ̀: ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè tó bófin mu bá dé ọwọ́ onílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó, kì í ṣe ọjọ́ tí ìdúnàádúrà parí. Ẹni tí ọdún rẹ̀ ku 80 àti oṣù mẹ́ta, tó sì fi ìwé rẹ̀ jíṣẹ́ lóṣù yìí, ti bọ́ lọ́wọ́ iye ìgbéyàwó, kódà bí ọ̀rọ̀ bá gba odidi ọdún kan kó tó yanjú.