Ta Ló Kọ́kọ́ Dé? Ìtàn flip-flop láti 1918 dé Ilé-Ifẹ̀

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀ mí wò: ṣé èèyàn lè kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò dáadáa láìní irinṣẹ́ olówó ńlá? Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn.

Ní 1918, William Eccles àti Frank Jordan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so gílóòbù rédíò méjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá ń gbé iná, èkejì á dákẹ́, wọn á sì wà bẹ́ẹ̀ títí àmì mìíràn yóò fi dé. Ohun tí a ń pè ní flip-flop nìyẹn: ó ń rántí.

Nígbà tó yá, wọ́n fi flip-flop méjì ṣe adájọ́. Ẹ ro ìyáàlù àti omele. Bí ìyáàlù bá dún, flip-flop tirẹ̀ á dìde. Bí omele bá dún, tirẹ̀ náà á dìde. Bí méjèèjì bá ti dìde, a ó dá wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan ṣe dá dúró pẹ́ tó ni ó fi ṣáájú tó.

Ṣùgbọ́n eré kọ́ o. Bí àmì bá ń lù nígbà mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nanosecond 10 péré ló wà láàárín ìlù kan sí èkejì. Flip-flop tó bá lọ́ra ní nanosecond 2 ti jẹ ìdá kan nínú márùn-ún. Bí ìyàtọ̀ bá sì kéré jù, àmì adájọ́ á kúrú débi pé ẹni tó ń gbọ́ tirẹ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé ká mọ̀ọ́mọ̀ fi dídá-padà yẹn falẹ̀ díẹ̀.

Níbí ni kọ̀ǹpútà ti wúlò. Ní 1973, Laurence Nagel àti ọ̀gá rẹ̀, Donald Pederson, gbé SPICE jáde ní Berkeley: kọ sákíìtì sí i, á ṣírò fólítì rẹ̀. Ní Ifẹ̀, OAU, pẹ̀lú Makerere àti Dar es Salaam, bá MIT ṣe iLabs, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi íntánẹ́ẹ̀tì darí irinṣẹ́ gidi láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ará Ifẹ̀ sì kọ́ tiwọn.

Ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Ẹni tó bá fi flip-flop tí kì í lọ́ra ṣe àfarawé, èsì rẹ̀ á dán, irọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ fi ìlọ́ra rẹ̀ sí i, kí ẹ tó gba kọ̀ǹpútà gbọ́.