Bí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bá Kú: Ìtàn Bí A Ṣe Mọ̀ Pé Inú Ìfun Ń Sọ Ara Rẹ̀ Dọ̀tun

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. N kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n òwe wà lára ohun èlò iṣẹ́ mi, òwe kan ni ó sì gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ òní. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò." Níbi ìsìnkú àgbà ni a ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Èrò mi ni pé ohun tí òwe náà wí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun olúkúlùkù wa lójoojúmọ́, àti pé ẹ̀mí àwọn ọmọ wa so mọ́ òye rẹ̀.

1. Ìka àti kòtò

Bí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo inú ìfun kékeré, a ó rí i pé kò tẹ́jú. Ó kún fún ohun wẹ́wẹ́ tí ó yọ sókè bí ìka ọwọ́, kòtò tóóró-tóóró sì wà ní ìdí wọn. Johann Lieberkühn, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe àpèjúwe wọn ní 1745. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àwọn kòtò náà títí di òní. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Giulio Bizzozero ní Ìtálì kíyè sí i pé inú kòtò ni àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara ohun ẹlẹ́mìí, ti ń pín sí méjì, ó sì dábàá pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gòkè. Ní 1948, ọdún tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí, Charles Leblond àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Stevens, ní Kánádà fi hàn nínú ara eku pé awọ inú ìfun kì í dúró lójú kan. Èyí tí ó gbó ń já bọ́ lórí ìka, tuntun ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5 ni ìrìn àjò náà ń gbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kú, ọmọ rẹ̀ sì ń rọ́pò.

2. Ìgàn aṣọ

Ibì kan wà tí òwe náà kò dé. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lè di ohun mìíràn ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Ti ìfun kò rí bẹ́ẹ̀. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun wọ̀nyí, àwọn kan ń fa oúnjẹ àti omi sínú ara, àwọn ni wọ́n sì pọ̀ jù. Àwọn kan ń ṣe ikun tí ń dáàbò bo ìfun. Àwọn kan ń pèsè ohun tí ń pa kòkòrò àrùn. Àwọn mìíràn ń fi iṣẹ́ rán ẹ̀jẹ̀ sí àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Báwo ni orísun kan ṣe bí oníṣẹ́ mẹ́rin?

Ẹ jẹ́ kí a wo Gbági. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901 ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, àti àwọn ará Lẹ́bánónì pẹ̀lú, tẹ̀dó síbẹ̀, tí aṣọ sì di ọjà pàtàkì níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn aláṣọ ti kó lọ sí Gbági Tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ìgàn aṣọ kò yí padà. Ẹni tí ó ra ìgàn kò tíì ra bùbá, kò tíì ra agbádá. Ohun tí ó lè di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó rà. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kòtò rí. Ní 1974, Hazel Cheng àti Leblond sọ, láti inú ìwádìí wọn lára eku, pé orísun kan ni àwọn oníṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá. Ní 2007, àwọn ọmọ iṣẹ́ Hans Clevers ní Nẹ́dálándì rí àmì tí a fi ń dá sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ mọ̀, tí a ń pè ní Lgr5. Ní 2009, Toshiro Sato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ nínú abọ́, ó sì di ìfun kóńkóló tí gbogbo oníṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀.

Àfiwé yìí náà ní ààlà. Ìgàn tí a gé tán ti tán. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kì í tán, nítorí pé bí àwọn kan nínú ọmọ rẹ̀ ti ń lọ kọ́ṣẹ́ ni àwọn kan ń dúró ní ìdí láti tún bí òmíràn.

3. Ta ni aránṣọ?

Ta wá ni ó ń gé aṣọ náà? Kò sí aránṣọ kankan. Àbùdá kan náà ni gbogbo wọn jogún. Ibi tí kálukú wà, àti ẹni tí ó bá ṣe aládùúgbò, ni ó ń yan iṣẹ́ fún un. Ní ìsàlẹ̀ kòtò, àwọn apakòkòrò tí a fi orúkọ Josef Paneth pè wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, wọ́n ń ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró bí wọ́n ṣe wà. Èyí tí ó bá gòkè kúrò níbi tí iṣẹ́ náà ń dé ni yóò yan iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí ó bá sì yan ṣíṣe ikun yóò kìlọ̀ fún àwọn tí ó fara kàn án pé kí wọ́n má ṣe yan irú tirẹ̀. Bí gbogbo ìsọ̀ bá ń ta léèsì, ta ni yóò ta aṣọ òkè?

4. Ìbàdàn ní 1971

Ní oṣù Kejìlá 1970 ni àrùn onígbáméjì wọ Nàìjíríà. Ní 1971, ó jà ní Ìbàdàn. Oró kòkòrò náà kì í pa awọ inú ìfun. Ńṣe ni ó ń mú kí ó máa tú omi ara dànù. Ti rotavirus, tí a ṣàwárí ní Ọsirélíà ní 1973, tí ó sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọ wẹ́wẹ́, yàtọ̀: òun ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì orí ìka. Síbẹ̀, nínú méjèèjì, kòtò ìsàlẹ̀ ṣì wà láàyè, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sì ni awọ tuntun yóò gòkè wá. Ohun tí ń pa ọmọ ni pé omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ ti tán kí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dàgbà.

Ìdí nìyí tí omi oníyọ̀ àti ṣúgà fi jẹ́ oògùn. Ní 1960, Robert Crane ṣàlàyé pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun. Omi sì ń tẹ̀ lé wọn. Oró onígbáméjì kì í ti ilẹ̀kùn yìí. Ní 1968, a fi ìdí ìtọ́jú náà múlẹ̀ lára àwọn aláìsàn ní Dhaka. Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, sì sapá púpọ̀ kí ó lè di ohun tí gbogbo ìyá ní Nàìjíríà mọ̀. Ní 2022 ni àjẹsára rotavirus wọ ètò àjẹsára ìjọba wa.

Síbẹ̀, a ṣì ń gbọ́ ẹni tí ń wí pé kí a má fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ ní omi, nítorí pé bí ó bá mu ún, yóò tún yà á. Ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi ongbẹ pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń yọ ní ìdí. Òwe wa ní a ó fi ọmọ rọ́pò. Kò ní kí a ká ọwọ́ lẹ́rán kí ọmọ tó dé. Iṣẹ́ ara ni láti rọ́pò awọ tí ó bàjẹ́. Iṣẹ́ tiwa ni láti fi omi náà di ọmọ mú fún ìwọ̀n ọjọ́ tí ara ń bẹ̀ wá.