Ìwé Ààyò Àwọn Òǹkàwé Yorùbá: Àyẹ̀wò Onítàn Láti 1859 Sí 1997

ÀṢAMỌ̀
Bébà yìí ṣe àyẹ̀wò irú ìwé tí àwọn òǹkàwé Yorùbá yàn láàyò láti ìgbà tí ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa ti jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859 títí di ìgbà tí sinimá Ó Le Kú jáde ní 1997. Òǹkọ̀wé àti ìwé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lámèyítọ́ máa ń dá lé. Òǹkàwé ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ tiwa. A fi hàn pé ẹ̀yà ìwé tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn ń yí padà láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n pé ohun mẹ́ta wà tí kò yí padà: ohùn tí ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ tààrà, ayé tí òǹkàwé dá mọ̀, àti ẹ̀kọ́ tí a fi adùn gbé kalẹ̀. A gba àwọn olùkọ́ nímọ̀ràn láti wádìí ohun tí ó wu akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó sọ pé kò fẹ́ràn ìwé.

1.0 Ìfáàrà
Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìwé kíkà mu. Ẹni tí ó lówó ogún ìwé lọ́wọ́ lè máà ra ẹyọ kan bí ìwé kò bá wù ú. Ẹni tí kò ní ju owó oúnjẹ lọ sì lè yọ nínú rẹ̀ láti ra ìwé ìròyìn tí ìtàn ààyò rẹ̀ ń jáde nínú rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀sùn tí a máa ń gbọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ni pé àwọn ọmọ kò fẹ́ ka ìwé Yorùbá mọ́. Kí a tó gba ẹ̀sùn náà wọlé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni ó yan ìwé tí wọn kò fẹ́ kà?

Kò rọrùn láti mọ ohun tí ó wu àwọn òǹkàwé tí wọ́n ti lọ. Ẹ̀rí mẹ́rin ni a gbára lé nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni lẹ́tà tí àwọn òǹkàwé kọ sí ìwé ìròyìn. Èkejì ni ìtàn inú ìwé ìròyìn tí a tún tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé nítorí pé àwọn ènìyàn ń béèrè rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n tẹ̀ lé ipasẹ̀ òǹkọ̀wé kan, nítorí pé ọjà tí ó bá tà ni àwọn ẹlòmíràn máa ń gbé wá. Ẹ̀kẹrin ni ìwé tí a gbé lọ sórí ìtàgé tàbí sínú sinimá.

2.0 Ìwé tí a yàn fún òǹkàwé
Ní ìbẹ̀rẹ̀, òǹkàwé kọ́ ni ó ń yan ohun tí yóò kà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ sì ni a ń tà á. Ìròyìn ìjọ, ìbí àti ikú, ọ̀rọ̀ àwọn ìjòyè àti iye tí òwú ń lọ lọ́jà wà nínú rẹ̀. Ní 1867, nígbà tí rògbòdìyàn lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn náà dópin. Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún sì parí sí odindi Bíbélì ní 1884. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kíkà. Síbẹ̀, ohun tí ìjọ fẹ́ kí ènìyàn kà ni wọ́n.

Ẹ̀yà tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé àwọn òǹkàwé ní ohun tí ó wu àwọn fúnra wọn ni ìtàn ìlú. I. B. Akínyẹlé, ẹni tí ó padà jẹ Olúbàdàn ní 1955, tẹ ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, M. C. Adéyẹmí tẹ ti Ọ̀yọ́ ní 1914. Ọmọ ìlú ni ó kọ ọ́, ọmọ ìlú ni ó sì kọ ọ́ fún. Ẹni tí ó bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè bá orúkọ agboolé rẹ̀ pàdé nínú rẹ̀. Níhìn-ín ni a ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta tí a dárúkọ lókè: òǹkàwé ń wá ayé tí ó dá mọ̀.

3.0 Ṣẹ̀gilọlá àti àwọn òǹkàwé Èkó
Láàrin 1920 sí 1930 ni ìwé ìròyìn Yorùbá rú gọ̀gọ̀ bí ewé òjò. Adéoyè Dẹ́nígà bẹ̀rẹ̀ Èkó Àkéte ní 1922, E. A. Akíntán bẹ̀rẹ̀ Elétí Ọfẹ ní 1923, D. A. Ọbasá gbé The Yoruba News kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ewì rẹ̀ sì ti kọ́kọ́ jáde kí ó tó kó wọn jọ sínú ìwé ní 1927. I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ Akéde Èkó ní 1928. Àwọn olóòtú wọ̀nyí kò ní owó ìjọ tàbí ti ìjọba lẹ́yìn wọn. Bí òǹkàwé kò bá ra ìwé ìròyìn wọn, ó di dandan kí ó kú. Èyí ni ó mú kí wọ́n máa tẹ́tí sí ohun tí ó wu òǹkàwé.

Ní oṣù Keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú Akéde Èkó. Obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni ó kọ ọ́ sí olóòtú. Ó ní òun ti darúgbó, àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun sì fẹ́ sọ bí òun ṣe lo ẹwà àti ìgbà èwe òun láàrin àwọn ọkùnrin Èkó, kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lè fi òun kọ́gbọ́n. Lẹ́tà náà kò dúró ní ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ ni ó ń jáde títí di oṣù Kẹta ọdún 1930. Ṣẹ̀gilọlá kò sọ orúkọ àwọn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó dárúkọ àdúgbò, ó sọ̀rọ̀ nípa ọdún àti ayẹyẹ, ó sì rán àwọn àgbà létí orin tí ó wà lóde nígbà èwe wọn.

Àwọn òǹkàwé fèsì. Lẹ́tà wọn jáde nínú ìwé ìròyìn náà: àwọn kan káàánú rẹ̀, àwọn mìíràn sì gbà pé ènìyàn gidi tí ń gbé láàrin àwọn ni. Ní 1930 kan náà ni a sọ àwọn lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá di ìwé. Thomas olóòtú fúnra rẹ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Karin Barber sì tún un tẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2012.

Kí ni ó dùn mọ́ àwọn òǹkàwé nínú rẹ̀? A rí ohun mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn ni. Kì í ṣe pé ẹnìkan ń ròyìn Ṣẹ̀gilọlá. Ṣẹ̀gilọlá ni ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó ń pòwe, ó ń bẹ òǹkàwé pé kí ó ní sùúrù. Lẹ́ẹ̀kejì, Èkó tí ó ń sọ ni Èkó tí òǹkàwé ń rìn nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀kọ́ àti adùn jọ ń rìn pọ̀. Ẹni tí ó bá tijú láti sọ pé òun ń ka ìtàn oníṣekúṣe lè sọ pé òun ń ka ìkìlọ̀. A kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé bí àlọ́ wa pẹ̀lú ti rí nìyẹn: ìjàpá a kọ́kọ́ jalè kí a tó rí ẹ̀kọ́ kọ́.

4.0 Fágúnwà: ibi tí olùkọ́ àti òǹkàwé ti pàdé
Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1936 ni ó mú kí D. O. Fágúnwà, tí ó jẹ́ olùkọ́, kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. tẹ̀ jáde ní 1938. Ní ojú àkọ́kọ́, ìwé yìí jìnnà sí Ṣẹ̀gilọlá. Igbó ni ó wà, kì í ṣe títì Èkó. Iwin àti ẹbọra ni ó kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ohun mẹ́ta náà ni a tún bá. Àkàrà-Ògùn fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn, tí akọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Igbó náà jẹ́ ayé tí òǹkàwé dá mọ̀, nítorí pé ó ti gbọ́ ọ nínú àlọ́ àti ìjálá. Ẹ̀kọ́ ìwà sì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ìwé Fágúnwà wọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì wọ ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ ìtàn rẹ̀ ni kò fi ojú ara rẹ̀ kà á. Ọmọ tí ó mọ̀wé ni ó kà á sí wọn létí. Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀: J. A. Ògúndélé kọ Ibú Olókun ní 1956, D. J. Fátànmí sì kọ K'órimálẹ̀ Nínú Igbó Adìmúlà ní 1967. Nígbà tí FESTAC dé ní 1977, eré Láńgbòdó tí Wálé Ògúnyẹmí fà yọ láti inú ìtàn Fágúnwà ni Nàìjíríà gbé sórí ìtàgé.

Ìfẹ́ àwọn òǹkàwé kò dúró sójú kan. Ní 1955 ni Isaac Délànọ̀ ti tẹ Ayé d'Ayé Òyìnbó jáde, níbi tí obìnrin kan, Àṣàbí, ti ń sọ bí ayé ṣe yí padà lójú rẹ̀. Igbó ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ìlú.

5.0 Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìfẹ́ àti fọ́tò
Láti nǹkan bí 1965 síwájú, iye àwọn tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ń ka ìwé ọ̀daràn James Hadley Chase ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń yá a láàrin ara wọn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971 fi hàn pé èdè Yorùbá lè gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ń lépa àwọn ọ̀daràn ní Ìbàdàn pẹ̀lú Tafá Ìgírípá. Èébú, ẹ̀fẹ̀ àti òwe inú ìwé náà kò ṣeé rí nínú ìwé Chase kankan. Kọ́lá Akínlàdé náà rìn ní ọ̀nà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti àwọn ìwé mìíràn.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá gba ọ̀nà ìfẹ́. Ó Le Kú, tí ó jáde ní 1974, sọ ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn obìnrin mẹ́ta tí kò mọ èyí tí yóò fẹ́. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di sinimá ní 1997, àwọn obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìró kúkúrú àti bùbá tí a ń pè ní oleku títí dòní.

Ẹ̀yà kan wà tí àwa olùkọ́ kì í sábà kà sí ìwé rárá: Atọ́ka, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Fọ́tò àwọn òṣèré alárìnjò wa ni ó fi ń sọ ìtàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn. Ó wà lórí àtẹ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Kò sí ẹni tí ó fi í ṣe ìdánwò, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń fi owó ara wọn rà á.

6.0 Ọwọ́ ìdánwò
Àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá rí i pé ilé ẹ̀kọ́ ni ọjà ìwé Yorùbá ti dájú jù. Nítorí náà, ìwé tí ó bá bọ́ sínú àkójọ ìwé ìdánwò ni ó ń tà. Èyí ní àǹfààní rẹ̀: ó mú kí Òkédìjí àti Ìṣọ̀lá dé ọwọ́ àwọn ọmọ tí kò bá má gbọ́ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ó ní ewu. Ìwé tí a kà nítorí máàkì ni a máa ń pa dé lọ́jọ́ tí ìdánwò bá parí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ àbùdá ẹ̀dá ìtàn mẹ́wàá lórí lè máà mọ irú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn.

Kì í ṣe pé àwọn Yorùbá kò fẹ́ kàwé. Ní 1996 ni Aláròyé tí Aláò Adédayọ̀ dá sílẹ̀ fìdí múlẹ̀ lórí àtẹ, tí àwọn ènìyàn ń rà á ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohùn tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ìlú tí wọ́n mọ̀, ìròyìn tí ó ní ẹ̀kọ́ àti adùn: ohun tí Akéde Èkó tà ní 1929 náà ni.

7.0 Àbá àti ìkádìí
Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àbá mẹ́ta ni a ní fún àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan irú ìtàn tí ó fẹ́ràn, kí ó sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìwé ìdánwò, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ìwé Yorùbá kan fúnra rẹ̀, kí ó sì sọ fún kíláàsì ìdí tí ó fi yàn án, láìsí máàkì lórí rẹ̀. Kí a má sì fi ojú tín-ín-rín wo ìwé ìròyìn, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tàbí ìtàn oní-fọ́tò, nítorí pé àtẹ̀gùn ni wọ́n.

Àwọn òǹkàwé Ṣẹ̀gilọlá kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó fún wọn láṣẹ kí wọ́n tó fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń kà. Ìfẹ́ wọn ni ó bí ìtàn àròsọ wa. Bí a bá gba ẹ̀tọ́ yíyàn lọ́wọ́ àwọn ọmọ òní, a lè ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yege nínú Yorùbá, kí a má sì ní ẹni tí yóò ka ìwé tí a óò kọ lọ́la.