Oòrùn Oṣù Kẹjọ ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ oòrùn ìlú Ìbàdàn ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí àgbàdo àkọ́rọ̀ tí ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Àwọn bàbá wa mọ̀ pé bí ó bá di oṣù kẹjọ, òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ yín fi ń ya àgbàdo, tí ẹ ń retí láti sá a lóṣù náà. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àkọsílẹ̀ wí.

Ní ọdún 1853, John Francis Campbell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbé bọ́ọ̀lù gíláàsì sínú àwo igi, oòrùn sì gba inú rẹ̀ jó igi náà. Ní ọdún 1879, George Gabriel Stokes tún un ṣe, ó fi páálí rọ́pò igi. Bí ojú jíjó tó wà lára páálí bá ṣe gùn tó ni a fi ń mọ iye wákàtí tí oòrùn fi ràn. Irú ẹ̀rọ yìí ni àwọn ibùdó ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa lò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Ìbàdàn, ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, oòrùn a máa ràn tó bí wákàtí 6 lójúmọ́. Ìdí nìyí tí kòkó fi ń tètè gbẹ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ, kì í ju bíi wákàtí 2 sí 3 lọ. Òjò dín kù lóòótọ́, oòrùn kò sì yọ. Omi òkun etí ilẹ̀ wa a máa tutù lásìkò náà, atẹ́gùn òkun a sì gbé ìkùukùu wá bo ojú ọ̀run. Ìkùukùu náà kì í sábà rọ òjò ńlá, ṣùgbọ́n ó ń dí oòrùn.

Ìdáwọ́dúró òjò náà pàápàá kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún, tí ó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn yìí kan náà.

Àgbàdo tí kò bá gbẹ a máa bu. Èyí tí ó bá bu lè ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti ti adìẹ jẹ́. Sísè kì í mú un kúrò.

Nítorí náà, ẹ má ṣe tẹ́ àgbàdo sílẹ̀ẹ́lẹ̀ máa retí oòrùn. Atẹ́gùn ni kí ẹ lò. Ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ ṣa èyí tó bu kúrò, kí ẹ kó ìyókù sínú àká onígi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Kí ìbú àká náà má ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn dojú kọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, kí ẹ sì fi òrùlé bò ó. Bí agbára ẹnì kan kò bá ká a, kí ẹgbẹ́ dáwó jọ kọ́ ọ.

Kí ẹ tó di àgbàdo sápò, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ mì í dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo yín kò tíì gbẹ.

Ẹ ó kérè oko délé o.