Kamina àti Sinimá: Ìtàn Àwọn Tí Wọ́n Wọ Inú Fíìmù Kí Wọ́n Tó Di Olùwòran

Kamina jẹ́ ìletò kan ní ẹ̀bá Atakpamé, ní ẹkùn Plateaux ní orílẹ̀-èdè Tógò, ní ilẹ̀ tí àwọn Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, àti àwọn Ewe ti jọ ń gbé láti ìgbà pípẹ́. Ìbátan tímọ́tímọ́ sì ni èdè àwọn Ifẹ̀ yìí jẹ́ sí èdè Yorùbá. Bí àwọn òpìtàn bá dárúkọ Kamina, nítorí ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì tí àwọn Jámánì kọ́ síbẹ̀ láàárín ọdún 1911 sí 1914 ni wọ́n ṣe ń dárúkọ rẹ̀, èyíinì ni ibùdó tí a fi ń ta ìròyìn láti ilẹ̀ kan dé òmíràn láìlo wáyà. Ohun kejì wà tí ó so mọ́ ibẹ̀ ní àkókò kan náà, tí ó sì yẹ kí ó gbajúmọ̀ ju bí ó ti wà lọ: láti ọwọ́ àwọn tí ń kọ́ ibùdó yìí ni ọ̀kan nínú àwọn fíìmù onítàn àkọ́kọ́ tí wọ́n yà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Àwọn ará Tógò ṣeré nínú fíìmù náà nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò tíì fojú kan fíìmù rí, àwọn tí ó sì jókòó wò ó, tí wọ́n sọ ohun tí ó dára àti ohun tí kò dára nínú rẹ̀, ará ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n.

Ọ̀ràn òṣèlú ni ó bí ibùdó Kamina. Láti ọdún 1884 ni Jámánì ti gba àkóso Tógò, ó sì tún ní ilẹ̀ ní Kamẹrúùnù, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà àti ní ìlà oòrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn wáyà abẹ́ òkun tí ń gbé ìròyìn kiri àgbáyé wà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí ìjà bá dé, wọ́n lè gé ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn Jámánì lẹ́nu lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ Telefunken ni ó gba iṣẹ́ náà, kí Kamina lè máa bá ibùdó Nauen tí ó wà nítòsí Bẹ̀líìnì sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà tí ó ju 5,000 kìlómítà lọ, kí ó sì tún máa gba ìròyìn láti Duala àti Windhoek. Àwọn òpó irin tí ó ga jù níbẹ̀ wọ 120 mítà sókè. Ẹni tí ó darí iṣẹ́ náà ni Baron Anton Codelli, onímọ̀ ẹ̀rọ láti Ljubljana, ìlú tí ó wà ní Slovenia lónìí ṣùgbọ́n tí ó wà lábẹ́ ọba Austria nígbà náà. Àwọn tí ó gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ru irin àti sìmẹ́ńtì, tí wọ́n sì na òpó ró, ọmọ Áfíríkà ni wọ́n, lábẹ́ ìjọba tí ó sọ ọ́ di dandan fún ọkùnrin tí ó bá ti dàgbà láti fi iṣẹ́ ọjọ́ 12 lọ́dún san owó orí bí kò bá lè fi owó san án.

Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Lomé wá sí Agbonou, ní ẹsẹ̀ Atakpamé, tí ó gbé ẹrù ibùdó náà wá, òun kan náà ni ó gbé àwọn oníṣẹ́ fíìmù wá ní ọdún 1913. Hans Schomburgk ni olórí wọn, ọmọ Hamburg, ọdẹ tí ó ti di gbajúmọ̀ ní Yúróòpù nítorí pé ó mú erinmi kékeré láàyè láti igbó Làìbéríà. Meg Gehrts, ọmọbìnrin Jámánì tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọdún méjìlélógún lọ, ni òṣèré pàtàkì, James Hodgson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sì ni ó di kámẹ́rà mú. Codelli lọ́wọ́ sí iṣẹ́ wọn. Bí a bá ro ó dáadáa, kò yani lẹ́nu pé ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ gba ojú ọ̀run ni ó fẹ́ràn ẹ̀rọ tí ń gbé ìrísí ènìyàn láti ilẹ̀ kan dé òmíràn, nítorí pé iṣẹ́ méjèèjì ni àwọn ará Yúróòpù ìgbà náà kà sí ẹ̀rí agbára wọn lórí ayé.

Fíìmù tí wọ́n torí rẹ̀ wá jù ni èyí tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní ìtàn òrìṣà obìnrin funfun ti àwọn Wangora. Ìtàn náà ni pé ọkọ̀ ojú omi kan rì, ọmọbìnrin kékeré aláwọ̀ funfun kan yè é, àwọn ará abúlé kan ní Áfíríkà tọ́ ọ dàgbà, wọ́n sì sọ ọ́ di òrìṣà tí wọ́n ń bọ. Nígbà tí ó yá, ọwọ́ wọn tẹ ọdẹ funfun kan, ọmọbìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀, àwọn méjèèjì sì sá lọ. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Tógò yóò rí i pé kò sí ohun kan nínú ìtàn yìí tí ó ti ẹnu ará ibẹ̀ jáde. Àwọn Wangora tí wọ́n dárúkọ kì í ṣe àwùjọ kan tí Atakpamé tàbí Sokodé mọ̀ pẹ̀lú irú àṣà bẹ́ẹ̀, àwọn ìlú tí ó sì ní òrìṣà tiwọn, tí wọ́n ní ojúbọ, abọrẹ̀ àti ọjọ́ ọdún, ni wọ́n sọ di àwọn tí kò rí nǹkan mìíràn bọ ju ọmọ àlejò lọ. Ó bani nínú jẹ́ pé àwọn tí ó bọ́ síwájú kámẹ́rà láti forí balẹ̀ fún Gehrts kò ní ọ̀nà kankan láti mọ irú ìtàn tí wọ́n ń fi ara wọn sọ, nítorí pé àṣẹ kéékèèké ni olùdarí fíìmù ń pa fún wọn: ẹ wá síbí, ẹ sáré, ẹ gbé ọ̀kọ̀ sókè, ẹ wólẹ̀.

Bí ẹ̀rọ ìgbà náà ti ń ṣiṣẹ́ tún dá kún ọ̀ràn yìí. Kámẹ́rà jẹ́ àpótí igi tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, Hodgson a sì máa fi ọwọ́ yí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́gbọọgba, kí àwòrán bíi 16 lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bí ọwọ́ bá yára jù, ìrìn ènìyàn yóò falẹ̀ lójú olùwòran, bí ó bá sì falẹ̀ jù, gbogbo ènìyàn yóò máa sáré bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Irú ike tí wọ́n ń ya àwòrán sí nígbà náà kò mọ àwọ̀ pupa, dúdú ni ó ń sọ ọ́ dà, nítorí náà ilẹ̀ pupa Atakpamé àti ara ènìyàn dúdú máa ń ṣókùnkùn ju bí wọ́n ti rí lójú lọ, nígbà tí aṣọ funfun Gehrts ń tàn yanran láàárín wọn. Ìyàtọ̀ tí àwọn olùwòran Yúróòpù fi ojú ara wọn rí lára ògiri ilé sinimá, apá kan rẹ̀ jẹ́ àbùkù ike lásán. Ní pàtàkì jù lọ, fíìmù ìgbà náà kò ní ohùn. Ọ̀rọ̀ tí ará Tógò bá sọ níwájú kámẹ́rà, ìbáà ṣe ìkíni, ẹ̀hónú tàbí àwàdà, ibẹ̀ ni ó parí sí, èyí tí olùwòran yóò sì kà láàárín àwòrán ni ohun tí ẹlòmíràn jókòó kọ ní èdè Jámánì tàbí Gẹ̀ẹ́sì.

Yàtọ̀ sí fíìmù onítàn, àwọn oníṣẹ́ yìí gòkè lọ sí àríwá, wọ́n sì ya ohun tí wọ́n rí: àwọn ẹlẹ́ṣin Kotokoli ní ẹkùn Sokodé, àwọn Konkomba, ìlú Sansanné-Mango, àti àwọn ayọ́rin ní Banjeli ní ilẹ̀ Bassar. Ti Banjeli yìí níye lórí púpọ̀. Ìléru tí àwọn ayọ́rin ibẹ̀ ń mọ ga ju ènìyàn lọ, wọn kì í sì í fi ẹwìrì fẹ́ ẹ, bí wọ́n ti mọ ara rẹ̀ àti bí wọ́n ti dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn fa ara rẹ̀ wọlé títí òkúta irin yóò fi yọ́. Iṣẹ́ yìí ti kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí irin òyìnbó gba ọjà, àwòrán ọdún 1914 sì wà lára ẹ̀rí tí àwọn onímọ̀ lónìí fi ń mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Gehrts pàápàá kọ ìwé nípa ìrìn àjò náà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1915. Ojú tí àwọn amúnisìn fi ń wo aláwọ̀ dúdú hàn nínú rẹ̀ kedere, síbẹ̀ ó ṣe àkíyèsí iṣẹ́ àwọn obìnrin, oúnjẹ àti ilé kíkọ́ ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó kọ̀wé nípa Tógò ní ìgbà náà lọ, kò sì yẹ kí a dà á nù.

Àlàáfíà Kamina kò pẹ́. Ibùdó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi ní àárín ọdún 1914 ni Ogun Àgbáyé Kìíní dé, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọlé láti ìwọ̀ oòrùn àti láti Lomé, àwọn Faransé wọlé láti Dahomey, wọ́n sì ja ìjà kíkankíkan ní etí odò Chra ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 ni àwọn Jámánì fúnra wọn wó àwọn òpó náà, tí wọ́n sì fọ́ ẹ̀rọ ibẹ̀ túútúú, kí ó má baà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Ní ọjọ́ 26 ni Major von Döring, olórí àwọn Jámánì, túúbá fún Lieutenant-Colonel Bryant, olórí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ibùdó tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kọ́ kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́.

Bí a bá fi ìtàn sinimá Kamina yìí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ní Èkó, wọ́n ti fi sinimá han gbogbo ènìyàn ní gbọ̀ngàn Glover Memorial ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tí ó mú kí ó ṣeé ṣe, nítorí náà ará Èkó ti di olùwòran tí ń sanwó, tí ó sì lè sọ pé eré yìí dùn tàbí kò dùn, kí ẹnikẹ́ni tó ya fíìmù onítàn ní ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1926 ni Geoffrey Barkas ṣẹ̀ṣẹ̀ ya *Palaver* ní òkè Jọs. Ní agbègbè Kamina, ìdàkejì ni ó ṣẹlẹ̀: yíyà ni ó ṣáájú wíwò.

Lábẹ́ àwọn Faransé, tí wọ́n gba ìlà oòrùn Tógò lẹ́yìn ogun náà, sinimá di ohun tí ń wọ ìlú, ṣùgbọ́n láti òkèèrè ni ó ti ń wá. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1934, tí wọ́n ń fi orúkọ Pierre Laval tí ó jẹ́ mínísítà pè, sọ pé kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti Faransé láìgba àṣẹ ìjọba lórí ìtàn àti àwọn tí yóò ṣe é. Ìdí nìyí tí Paulin Soumanou Vieyra, ọmọ tí wọ́n bí sí Porto-Novo, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ya *Afrique-sur-Seine* ní Paris ní ọdún 1955 dípò ilẹ̀ bàbá wọn. Tógò gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1992 kí *Kawilasi* ti Kilizou Blaise Abalo tó jáde, èyí tí wọ́n kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ọmọ Tógò ṣe. Láàárín àkókò yìí ni fídíò dé, tí wíwo fíìmù kúrò ní ohun tí ó di dandan kí ènìyàn lọ sí ilé sinimá fún. Kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà CD, gbé eré Gánà àti ti Nàìjíríà wọ yàrá àti àgbàlá. Eré Yorùbá ní ipò pàtàkì láàárín wọn fún ẹni tí ó bá ń sọ èdè Ifẹ̀, nítorí pé nínú ohun tí a ti ilẹ̀ òkèèrè gbé wá, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó jọ ti ìyá rẹ̀. Níbi irú ìwòran bẹ́ẹ̀, olùwòran kì í dákẹ́: ó ń kìlọ̀ fún ọmọdébìnrin tí ó fẹ́ bá ọ̀rẹ́ búburú lọ, ó ń ṣépè fún ìyàwó ilé tí ń fi májèlé sọ́bẹ̀, bí eré bá sì parí, àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó jẹ̀bi ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí kò sí fún àwọn tí ó wólẹ̀ níwájú Gehrts ni èyí.

Àwọn àwòrán ọdún 1913 àti 1914 kò padà wá tán, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń padà wá. Ní Ljubljana, ilé ọnà ìṣẹ̀ǹbáyé Slovenia ṣe àfihàn fọ́tò Kamina ní ọdún 2007, èyí tí Leo Poljanec, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Codelli, yà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ibùdó náà. Ní ọdún 2023, Jürgen Ellinghaus, ọmọ Jámánì, gbé fíìmù rẹ̀ *Togoland Projektionen* jáde, nínú èyí tí ó tọ ipa ọ̀nà Gehrts, tí ó fi àwọn àwòrán Schomburgk han àwọn ará Tógò ní àwọn ibi tí wọ́n ti yà wọ́n, tí ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí nínú wọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó tẹ̀ síwájú lórí fọ́tò Poljanec pẹ̀lú, nítorí pé orúkọ Codelli àti àwọn ẹ̀ka ẹ̀rọ Telefunken ni ìwé kún fún, nígbà tí àwọn ìdílé Ifẹ̀ àti Ewe ní Atakpamé, ní àwọn àdúgbò bíi Djama, Gnagna àti Woudou, ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì mọ oríṣi aṣọ, ilà ojú àti ibi tí ó wà lẹ́yìn àwọn tí ó di okùn òpó mú.