Àpèkọ: Ìtàn Ẹni tí ń Sọ̀rọ̀ àti Ẹni tí ń Kọ ọ́ ní Oǹdó àti Àkúrẹ́

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé ọ̀rọ̀ mi yóò dá lórí makirofóònù aláìníwáyà àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń sọ ohùn di ìwé, ẹ̀rín ni ó fi dá mi lóhùn. Ó ní kí ni ó kan onítàn nínú ìyẹn? Mo ní ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Àpèkọ ni, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é.

Ní àdúgbò tí wọ́n gbé tọ́ mi dàgbà ní Oǹdó, ọmọ tí ó bá ti dé ìwé mẹ́fà, akọ̀wé gbogbo agbolé ni. Ní nǹkan bí ọdún 1961, ìyá àgbà kan pè mí kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ oko kòkó. Ọ̀rọ̀ náà gbóná, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́ bí ó ti ń jáde lẹ́nu ìyá. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni dídùn tí olùkọ́ kọ́ wa, mo rọ èébú di ẹ̀bẹ̀, ibi tí ìyá bá sì ti pe “ulé” gẹ́gẹ́ bí ará Oǹdó, mo kọ “ilé”. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ọmọ mi, kà á kí n gbọ́.” Mo kà á. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Ìwọ ni o kọ lẹ́tà yẹn. Tèmi dà?” Mo ya ìwé náà, mo sì tún òmíràn kọ.

Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ohun tí ìyá náà béèrè wà nínú òfin. Láti ayé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ti wà tí ń dáàbò bo aláìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́tà, irú àwọn tí wọ́n máa ń gbé tábìlì àti táípùráítà sí ẹ̀gbẹ́ kóòtù tàbí ilé ìfìwéránṣẹ́. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ ka ìwé náà sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí ó ni í, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí onítọ̀hún tó fi ọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ ìka. Akọ̀wé sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ti ara rẹ̀ sí i. Ẹni tí ó ṣe òfin yìí mọ̀ pé láàárín ẹnu àti tákàdá, ẹnì kan wà níbẹ̀, ẹni náà sì lè ní èrò tirẹ̀.

Òkè-Igbó kò jìnnà sí Oǹdó. Ibẹ̀ ni a ti bí D. O. Fágúnwà ní 1903, ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, sì gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpèkọ: àgbàlagbà kan ni ó tọ òǹkọ̀wé wá, tí ó ní kí ó mú gègé àti ìwé kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí èyí.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó wá láti Ìbàdàn, àpèkọ ọ́fíìsì sì bá wọn wá. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè rẹ̀. Ọ̀gá a máa sọ̀rọ̀, akọ̀wé a máa fi ṣọ́ọ̀tìháǹdì gbà á sílẹ̀, ọgbọ́n tí Isaac Pitman gbé jáde ní 1837 tí ó sì jẹ́ pé ìró ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe sípẹ́lì. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá wo irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ẹ ó sábà rí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀gá àti ti atẹ̀wé ní igun kan. A mọ ẹni tí ó pè é, a sì mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ní ti Yorùbá, táípùráítà kò ní àmì wa. Bírò ni àwọn atẹ̀wé fi ń sàmì sórí àti sábẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán.

Àwọn òyìnbó ti ń wá ọ̀nà láti yọ akọ̀wé kúrò láàárín tipẹ́. Edison ṣe ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ ní 1877. Nígbà tí ó ka iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà lè ṣe ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́tà kíkọ láìsí akọ̀wé ni ó fi ṣíwájú. Síbẹ̀, Dictaphone tí ó gba orúkọ ní 1907 ṣì nílò ẹni tí yóò gbọ́ ọ kí ó sì tẹ̀ ẹ́. Ní 1997 ni Dragon NaturallySpeaking dé, tí ènìyàn lè máa sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ bó ṣe wù ú láìdúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó di 2024 kí Google tó kéde Yorùbá mọ́ àwọn èdè Áfíríkà tí ènìyàn lè fi ẹnu kọ lórí fóònù.

Ìdí tí ó fi pẹ́ kò fara sin. Nípa gbígbọ́ ni ẹ̀rọ fi ń kọ́ èdè. Whisper, tí ó jáde ní 2022, kọ́ láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu 680,000 wákàtí. 117,000 péré nínú rẹ̀ ni èdè 96 yòókù yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì pín. Àkójọ ohùn Yorùbá kan tí àwọn onímọ̀ gbé síta ní 2020 ju wákàtí mẹ́rin lọ díẹ̀, ènìyàn 36 ni ó sì sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ta ni yóò wá kọ́ ẹ̀rọ ní “ulé”?

Makirofóònù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ó bá jìnnà sí ẹnu, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti fáànù a bo ohùn mọ́lẹ̀, ohùn sì ni a fi ń ya ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa sọ́tọ̀. Èyí tí kò ní wáyà, tí a lè fi há ọrùn aṣọ, ṣàǹfààní ní ti èyí. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn a máa gé òkè ìró kúrò kí ẹrù wọn lè fúyẹ́ lójú afẹ́fẹ́, f, s àti ṣ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Mo ń lò ó o. Ẹnu ni mo fi kọ ìdajì ohun tí mo ń kà fún yín yìí, nítorí ìka mi kò gbà á mọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi dá àmì rẹ̀ padà.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí mo bá àgbẹ̀ kan láti ẹ̀yìn Oǹdó lọ sí ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́, nípa owó gbà-máà-bínú lórí ilẹ̀ tí ọ̀nà gbà kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbà wá mọ̀wàáhù. Ó fi makirofóònù kékeré há bàbá láyà, ó ní, “Bàbá, ẹ máa sọ̀rọ̀,” ọ̀rọ̀ sì ń yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó na páàdì ìtẹ̀ka sí bàbá. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́kọ́ kà á sókè. “Oko ìyá mi” ni bàbá wí pé ọ̀nà gbà kọjá. “Ọkọ ìyá mi” ni ẹ̀rọ kọ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi dá lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá mi nìyẹn! Wọ́n ti sin ín tipẹ́.”

Ẹ̀rín tán nígbà tí ó ka iye igi kòkó. Ogóje ni bàbá sọ, ogójì ni ó wà nínú ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rí àléébù kankan níbẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ka iye, kò sì gbọ́ “ogóje” rí. Èmi ni mo ṣàlàyé pé ogún lọ́nà méje ni, 140, igi ọgọ́rùn-ún sì ti bọ́ sílẹ̀ láàárín ẹnu bàbá àti tákàdá. Ó fi bírò tún un ṣe. Mo ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ìwé náà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.”

Bàbá tẹ ìka. Ibi tí orúkọ akọ̀wé ì bá wà ṣófo nígbà tí a jáde.